Òǹkà, Pípín àti Fífi Ẹlòmíràn Kún Un nínú Ìwé Aláwòrán Ọmọdé

Ìfáárà

Láàrin àwọn ìwé tí à ń ṣe fún ọmọ tí kò tí ì mọ̀wé kà, ìwé òǹkà aláwòrán wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù. Ojú ewé kan, nọ́ńbà kan, àwòrán kan: ọsàn kan, ẹyẹ méjì, ilé mẹ́ta, títí tí yóò fi dé mẹ́wàá. Nítorí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ rọrùn lójú, ó rọrùn fún olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi láti gbà pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà fún, ìyẹn ni pé kí ọmọ lè ka ení, èjì, ẹ̀ta láìṣìnà. Ẹ̀kọ́ ìwà, bíi kí ọmọ má ṣe lé ọmọ ẹlòmíràn kúrò nínú eré, kí ó má sì dá jẹ ohun tí ó yẹ kí ó pín, a bọ́ sí àkókò mìíràn lọ́tọ̀.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀kọ́ méjèèjì wọnú ara wọn. Ẹni tí ó ń ka nǹkan ní láti pinnu ohun tí ó wọnú òǹkà àti ohun tí kò wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń pín nǹkan ní láti mọ iye ẹni tí ó wà níkàlẹ̀, kí ó má baà yọ ẹnìkan sílẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé aláwòrán tí wọ́n ti jáde ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí, wọ́n sì lò ó dáadáa. Èdè Yorùbá mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé inú gírámà òǹkà rẹ̀ ni ó fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ohun tí ó ṣeni láàánú ni pé ìwé òǹkà tí ó bá kàn to ení, èjì, ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kò ní lo apá yẹn rárá.

Ohun tí Kíka Nǹkan Jẹ́ fún Ọmọdé

Gelman àti Gallistel (1978) ṣàlàyé ìlànà márùn-ún tí kíka nǹkan dúró lé lórí. Méjì nínú wọn ni ó ṣe kókó níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni pé orúkọ òǹkà kan ni ó tọ́ sí ẹyọ nǹkan kan: a kì í fi orúkọ kan pe nǹkan méjì, a kì í sì í fo nǹkan kankan. Èkejì ni pé orúkọ òǹkà tí a bá pè kẹ́yìn ni iye gbogbo nǹkan náà. Bí ọmọ bá ka ẹ̀pà tí ó sì dé 'àrún', àrún kì í ṣe orúkọ ẹ̀pà tí ó kẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀pà tí ó wà nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí.

Karen Wynn (1990, 1992) lo ọ̀nà tí kò le láti fi dán ìlànà kejì yìí wò. Ó kó nǹkan ìṣeré jọ, ó sì ní kí ọmọ mú iye kan pàtó wá láti inú rẹ̀. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta àbọ̀ lè ka òǹkà lọ réré láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó mú mẹ́ta wá, ẹ̀kúnwọ́ ni yóò bù. Ìyá tí ó bá ti rán ọmọ ọdún mẹ́ta ní àlùbọ́sà mẹ́ta nínú agbọ̀n mọ ohun tí onímọ̀ yìí rí.

Ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí ohun tí ìdánwò náà jẹ́ gan-an. Kì í ṣe pé kí ọmọ pe òǹkà. Ó ní láti fi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Òǹkà tí ó wà lẹ́nu nìkan, orin ni. Kò sí ohun tí ó burú nínú orin, ọ̀pọ̀ orin òǹkà Yorùbá sì dùn tí ó sì ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti rántí bí òǹkà ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹyọ mẹ́ta bá kúrò lọ́wọ́ ọmọ kan tí ó dé ọwọ́ ọmọ mìíràn, tí ẹni tí ó gbà á sì rí i pé ó pé, ìgbà yẹn ni òǹkà tó di ìmọ̀.

Àwọn Tí Ìwé Òǹkà Yọ Sílẹ̀

Ìtàn ìwé òǹkà fi hàn pé òǹkà lè kọ́ ọmọ ní ìwà búburú láìṣe àṣìṣe kankan nínú ìṣirò. Ní ọdún 1868, ní Amẹ́ríkà, Septimus Winner gbé orin kan jáde nípa ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà mẹ́wàá. Ní ọdún 1869, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frank Green yí i padà sí orin nípa ọmọ aláwọ̀-dúdú mẹ́wàá, ó sì fi orúkọ èébú pè wọ́n. Òǹkà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni: ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, nǹkan a ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan, iye wọn a sì dín ní ẹyọ kan. Wọ́n fi orin yìí ṣe ìwé aláwòrán ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Mẹ́wàá dín ọ̀kan, mẹ́sàn-án ni lóòótọ́. Ìṣirò rẹ̀ pé. Àmọ́ ọmọ tí ó fi orin yìí kọ́ àyọkúrò kọ́ ohun mìíràn mọ́ ọn, pé àwọn ènìyàn kan wà tí a lè fi pípòórá wọn dápàárá.

Yíyọ ènìyàn sílẹ̀ kò sì ní láti pariwo. Nancy Larrick (1965) ṣàyẹ̀wò ìwé ọmọdé 5,206 tí wọ́n jáde ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1962 sí 1964. Nínú gbogbo rẹ̀, 349 péré ni ènìyàn dúdú ti fara hàn, ìyẹn kò tó méje nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni Rudine Sims Bishop (1990) fi ìwé wé dígí tí ọmọ ti ń rí ara rẹ̀, fèrèsé tí ó ti ń wo ilé onílé, àti ilẹ̀kùn tí ó lè gbà wọlé. Ọmọ tí kò rí dígí kankan nínú ìwé, èrò rẹ̀ yóò jẹ́ pé kò sí òun nínú iye.

Àwọn òǹkọ̀wé kan ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ìwé òǹkà gan-an. Muriel Feelings kọ *Moja Means One* ní ọdún 1971, ó fi òǹkà Swahili láti ení dé ẹ̀wá ṣe é, Tom Feelings sì ya àwòrán rẹ̀. Ìwé náà gba àmì ọlá Caldecott ní ọdún 1972. Ní ọdún 1995, Ifeoma Onyefulu fi fọ́tò abúlé kan ṣe *Emeka's Gift*, níbi tí ọmọkùnrin kan ti ń lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ìwé *Feast for 10* ti Cathryn Falwell (1993) ka ẹ̀ẹ̀mejì láti ení dé ẹ̀wá, ẹ̀ẹ̀kan ní ilé ìtajà, ẹ̀ẹ̀kan nílé ìdáná, ìdílé aláwọ̀-dúdú kan sì jókòó ti oúnjẹ ní ìkẹyìn.

Ìyàtọ̀ kan wà láàrin ìwé wọ̀nyí tí ó yẹ kí a fà yọ. Nínú àwọn kan, àwòrán ni ó fi ọmọ kún un, òǹkà kàn ń tẹ̀ lé ara wọn ni. Nínú irú ti Falwell, òǹkà fúnra rẹ̀ ń lọ síbìkan: ohun tí wọ́n kà sínú kẹ̀kẹ́ ìrajà ni yóò di oúnjẹ fún ènìyàn mẹ́wàá. Irú kejì yìí ni ó ṣọ̀wọ́n, òun ni ó sì ń kọ́ni jù.

Bisikíìtì Méjìlá

Kò sí ìwé tí ó ṣe èyí dáadáa tó *The Doorbell Rang*, tí Pat Hutchins gbé jáde ní ọdún 1986. Ìyá kan ṣe bisikíìtì méjìlá fún ọmọ rẹ̀ méjì, Victoria àti Sam. Mẹ́fà-mẹ́fà ni ó kàn wọ́n. Kí wọ́n tó jẹ ẹ́, agogo ẹnu ọ̀nà dún, Tom àti Hannah láti ilé ẹ̀gbẹ́ wọlé; ó di mẹ́ta-mẹ́ta. Agogo tún dún, Peter dé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Ó di méjì-méjì. Ó tún dún, Joy àti Simon kó ìbátan wọn mẹ́rin wá. Àwọn ọmọ ti di méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni ó kù tí yóò kàn wọ́n.

Ìgbà náà ni agogo tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣirò ti dé òpin, kò sí ohun tí ó ṣẹ́kù láti pín fún ẹni kẹtàlá. Ìyá dábàá pé bóyá kí wọ́n yára jẹ tiwọn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Sam ní àwọn yóò dúró. Ìyá àgbà ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ru àwo bisikíìtì ńlá dání.

Àwọn olùkọ́ ìṣirò fẹ́ràn ìwé yìí nítorí pé méjìlá ṣeé pín sí ọ̀nà méjì, mẹ́rin, mẹ́fà àti méjìlá láìsí àṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ojú ewé tí ó wúwo jù ni èyí tí kò ní ìṣirò kankan, níbi tí àwọn ọmọ ti mọ ohun tí wọ́n máa pàdánù, tí wọn kò mọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì dúró dè é. Ìpín náà ń kéré sí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, Hutchins kò sì fi èyí pa mọ́ fún ọmọdé. Ìwé tí ó bá ń sọ fún ọmọ pé pípín kì í dín nǹkan kù ń purọ́ fún un, ọmọ náà sì mọ̀.

Òǹkà Pípín àti Òǹkà Àpapọ̀ nínú Èdè Yorùbá

Bí olùkọ́ bá fẹ́ sọ ìtàn yìí ní Yorùbá, oríṣi òǹkà kan kò ní tó o lò. Yóò fi ení, èjì, ẹ̀ta ka bisikíìtì lórí àwo. Yóò lo ẹ̀yán aṣòǹkà nígbà tí ó bá ní 'bisikíìtì méjìlá'. Bí ó bá dórí ìpín, yóò ṣe àpètúnpè: mẹ́fà-mẹ́fà, mẹ́ta-mẹ́ta, méjì-méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá sì ti rí tiwọn gbà, yóò ní 'àwọn ọmọ méjèèjìlá jẹ ẹ́'.

Àwọn oríṣi méjì tí ó kẹ́yìn ni ìwé òǹkà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ru ẹ̀kọ́ ìwà. Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn méjì wéra: 'Ọmọ mẹ́ta jẹ àkàrà mẹ́ta' àti 'Ọmọ mẹ́ta jẹ àkàrà mẹ́ta-mẹ́ta'. Nínú ti àkọ́kọ́, a lè gbà pé àkàrà tí ó wà nílẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Nínú ti èkejì, mẹ́sàn-án ni, kò sì sí ọmọ tí tirẹ̀ dín sí ti èkejì rẹ̀. Àpètúnpè yìí ti sọ ìsọdipúpọ̀, ó sì ti sọ ìdọ́gba, nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè pè.

Òǹkà àpapọ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí lọ. Mẹ́ta di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́rin di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, márùn-ún di márààrùn-ún. Bí ẹnìkan bá ní 'ọmọ mẹ́rin wọlé', ọmọ mìíràn lè wà lóde. Bí ó bá ní 'àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé', ó ti jẹ́rìí pé kò ku ẹnìkan. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ láìyẹ ẹ̀yìn wò lè di onírọ́. Olùkọ́ tí ó bá ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ lójú ewé kọ̀ọ̀kan pé, 'Ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni àbí mẹ́rin?' ń kọ́ ọ ní gírámà, ó ń kọ́ ọ ní ìṣirò, ó sì ń kọ́ ọ láti wò bóyá ẹnìkan ń bẹ lẹ́yìn.

Ìdọ́gba kò sì ní kí ètò àgbà àti ọmọdé parẹ́. Nínú ilé Yorùbá, ẹ̀gbọ́n ni ó máa ń kọ́kọ́ mú. Kìíní, kejì, ẹ̀kẹta, òǹkà ipò nìyẹn, ó sì bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn láìjà: iye kan náà, ọwọ́ ta ni ó ṣáájú ni ó yàtọ̀. Ìwé Hutchins kò mẹ́nu ba èyí. Ìwé Yorùbá yóò ní láti mẹ́nu bà á, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ máa bi olùkọ́ nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀yìn Lọ́jà

Ìwé kan wà tí ó sún mọ́ ilé ju ti Hutchins lọ. Atinuke, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, kọ *Baby Goes to Market* ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Angela Brooksbank sì ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 2017 ni ó jáde. Ìyá pọn ọmọ lọ sọ́jà. Bí ìyá ṣe ń rajà, àwọn ọlọ́jà ń fún ọmọ ẹ̀yìn ní nǹkan láìjẹ́ pé ìyá mọ̀. Wọ́n fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà, ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú agbọ̀n. Wọ́n fún un ní ọsàn márùn-ún, mẹ́rin wọ agbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú chin-chin mẹ́rin, àgbàdo sísun mẹ́ta àti àgbọn méjì. Ìyá rò pé ebi ti ń pa ọmọ òun.

Ẹni tí ó bá mọ ọjà Yorùbá yóò mọ̀ pé èènì ni ọlọ́jà ń ṣe fún ọmọ náà, ó sì jẹ́ ọ̀nà kan tí àwùjọ ń gbà sọ fún ọmọ tí kò tí ì lè sọ̀rọ̀ pé a rí ọ, o wà lára wa. Ọmọ náà pẹ̀lú kò dá jẹ ẹ́. Agbọ̀n ilé ni ó kó èyí tí ó pọ̀ sí.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìṣirò ibẹ̀ tí olùkọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó fo òun. Mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta àti méjì, bí a bá rò ó pọ̀, ogún ni. Ọmọ jẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbi márùn-ún. Ohun tí ó wọ agbọ̀n jẹ́ ogún dín márùn-ún, èyí tíí ṣe ẹ̀ẹ́dógún. Orúkọ tí Yorùbá ń pe iye náà ni ìtàn náà gan-an: aárùn-ún dín ní ogún. Láti ọdún 1887 tí Adolphus Mann ti kọ̀wé lórí ètò òǹkà Yorùbá ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣàlàyé àyọkúrò tí ó wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń rò pé ó le jù fún ọmọdé. Bí ọmọ bá ti rí ogún nǹkan tí ó wọ ọwọ́ àti márùn-ún tí ó wọ ẹnu, kò sí ohun tí ó le níbẹ̀ mọ́.

Àga Tí Ó Ṣófo

Láti orí ẹ̀ẹ́dógún dé mọ́kàndínlógún, òǹkà Yorùbá ń dárúkọ ohun tí kò tí ì dé. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ ṣe ìwé òǹkà tuntun lè lo èyí. Kí ó ya ogún àga, kí márùn-ún ṣófo. Ìyẹn ni ẹ̀ẹ́dógún. Ní ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ tí ó ń fi ọ̀pá rìn jókòó, ó di mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni adití tí ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bàdágìrì dé tí èdè Ègùn nìkan ń yọ̀ mọ́ lẹ́nu, lẹ́yìn náà ọmọ tí ó máa ń pẹ́ nítorí pé ó ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ ọjà láàárọ̀. Ní mọ́kàndínlógún, àga kan ni ó kù, gbogbo ọmọ tí ó bá ń wo ìwé náà yóò sì fẹ́ mọ ẹni tí ó ni ín.

Àga ni ìwé náà ń kà, kò ka ọmọ. Èyí ṣe kókó, nítorí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àgbàlagbà púpọ̀ kò sì ní fẹ́ ìwé tí ó ń fi ìka tọ́ka sí ọmọ ènìyàn tí ó ń ní 'ọ̀kan, méjì, mẹ́ta'. Àwọn kan á ní èèwọ̀ àtijọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀ fún ayàwòrán: kí á ka ohun tí à ń pín, kí iye ènìyàn sì hàn nípasẹ̀ rẹ̀.

Ìṣọ́ra kan náà ni ó tọ́ sí ìwé tí ó ń ka ẹ̀yà ara. *Ten Little Fingers and Ten Little Toes* ti Mem Fox àti Helen Oxenbury (2008) fi ọmọ-ọwọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ hàn, ó sì ní ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni ìka ọwọ́ mẹ́wàá àti ti ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ète rẹ̀ dára, ó sì gbajúmọ̀. Síbẹ̀, Yorùbá mọ Olúgbódi, ọmọ tí ó bá ìka mẹ́fà wáyé, ó sì fún un ní orúkọ àmútọ̀runwá. Nínú ìwé yẹn, Olúgbódi kò sí nínú iye, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ìka rẹ̀ kò pé kò sí níbẹ̀.

Nínú Kíláàsì

Ìjiyàn lórí èdè tí a óò fi kọ́ ọmọdé kò tí ì tán. Ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba ti fagi lé e. Ibi yòówù tí ọ̀rọ̀ náà ì báà já sí, mẹ́ta-mẹ́ta àti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tí ó bá wọn dọ́gba nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ sì lè mú wọn wọ inú ìtàn èyíkéyìí tí ó bá ń sọ.

Níbi tí ìwé bá jẹ́ ẹyọ kan tí ọmọ sì jẹ́ ogójì, àwọn tí ó wà níwájú nìkan ni yóò rí àwòrán. Ó sàn kí olùkọ́ ya ojú ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí páálí, kí ó pín ọmọ sí agbo mẹ́jọ, márùn-ún-márùn-ún, kí páálí máa lọ láti agbo dé agbo. Ìdérí ìgò méjìlá ni kí ó fi sí àárín agbo kọ̀ọ̀kan dípò bisikíìtì.

Márùn-ún kò pín méjìlá dọ́gba. Yóò kàn wọ́n ní méjì-méjì, méjì yóò sì ṣẹ́kù. Agbo kan lè fún àbúrò tí ó kéré jù, òmíràn lè dá a padà fún olùkọ́, òmíràn sì lè fi pamọ́ de ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Kí olùkọ́ má ṣe yára sọ èyí tí ó tọ̀nà. Kí ó jẹ́ kí agbo kọ̀ọ̀kan sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀, kí àwọn yòókù sì bi wọ́n ní ìbéèrè.